Bí Ẹnu Bá Jẹ, Ojú Á Tì

Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì: ẹni tó ti jẹ nǹkan ẹni kì í lè wojú ẹni kó sọ pé rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣòfin lórí owó òkèèrè nínú ìpolongo ìbò.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé òfin Nàìjíríà ní kí àjèjì má dáwó fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka abala 225 nínú Ìwé Òfin 1999 yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ní owó tàbí dúkìá sókè òkun, kò sì gbọdọ̀ di èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀ mú. Ọ̀nà tí owó gbà wọlé ni òfin ń ṣọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Peckham ní London, ọmọ Nàìjíríà pọ́ńbélé, kò lè ti ibẹ̀ fi owó ránṣẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé sì ná an.

Ẹni tó ni owó ni òfin ti Amẹ́ríkà ń wò. Ọmọ Amẹ́ríkà tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn lè dáwó fún ẹni tó ń du ipò ààrẹ wọn. Àjèjì tó ń gbé New York kò lè ṣe é, àfi bó bá ní green card. Lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ Kánádà fẹ́ tẹ ìwé pélébé láti fi polongo fún Obama, kó máa pín in ní Central Park. Lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ ní kò gbọdọ̀ náwó sí i. Bẹ́ẹ̀ òfin kan náà gbà pé kó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún olùdíje.

Ìwé orúkọ olùdìbò ni òfin ọdún 2000 ti Gẹ̀ẹ́sì gbára lé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lè fún ẹgbẹ́ ní ohun tó lé ní 500 pọ́n-ùn, ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé ibẹ̀ sì lè forúkọ sílẹ̀; Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Nítorí náà, bí ìwé ìgbélùú ará Peckham wa bá pé, ó lè forúkọ sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ Labour ti ibẹ̀ sì gba owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Òwe wa ńkọ́? Abala 225 fún ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 21 láti kó owó tó bá ti òkèèrè dé lé INEC, àjọ elétò ìdìbò, lọ́wọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi owó náà sínú àkáǹtì ìbátan olóṣèlú, tí ìyẹn ṣẹ́ ẹ sí náírà kó tó fà á lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ní Ìkẹjà, ta ni yóò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ojú ẹni tó fúnni ní nǹkan ni ojú ń tì wá láti wò, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ọwọ́ tó fúnni ni kí INEC máa wá kiri.