Àwọn Ogunléndé Ìjàyè àti Àwọn tí ó Gbà Wọ́n

Ìtàn ogun Ìjàyè kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé wọ̀nyí. Àwọn olùkọ́ wa mọ bí Aláàfin Àtìbà ṣe wàjà ní ọdún 1859, bí a ti fi Adélù Àrẹ̀mọ rẹ̀ sí ipò rẹ̀, àti bí Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, ti kọ̀ láti wárí fún un, nítorí ó ní àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ní 1860 ni Ìbàdàn gbógun tì í. Orúkọ Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá kò wọ́n lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dé bá àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ìlú náà, àti ẹni tí ó gbà wọ́n sílé lẹ́yìn ogun, díẹ̀ ni a ń sọ nínú rẹ̀. Òun ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ìdí wà tí ọ̀ràn náà fi sún mọ́ àwa tí a ń gbé ní GRA Ìlọrin. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn oníbọn wọ ilé ìsìn ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ní Eruku, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Àwọn 38 ni a gbọ́ pé a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Ní ọdún kan náà, àwọn ará abúlé ní ìhà Ìfẹ́lódùn, Edu àti Pàtígì fi oko àti ilé sílẹ̀ nítorí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Gàrí àti ìrẹsì ni àwọn onínúure kọ́kọ́ ń kó jọ fún irú ènìyàn báwọ̀nyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí gàrí bá tán ńkọ́? Níbo ni wọn yóò máa gbé? Ta ni ó ni ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ mọ́? Àwọn ará Ìjàyè ti bá ìbéèrè wọ̀nyí pàdé kí a tó bí àwọn baba wa.

Kí a sì rántí pé ìlú tí àwọn ogunléndé dó ni Ìjàyè fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun Ìlọrin ń lé àwọn ará pápá sínú igbó, Kúrunmí àti àwọn tirẹ̀ wọ ìlú Ẹ̀gbá tí ó ti wà níbẹ̀. Báyìí náà ni Ìbàdàn ṣe rí, àwọn Ẹ̀gbá tí a sì lé kúrò ní ilẹ̀ wọn ni ó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Nítorí náà, nínú ogun ọdún 1860, ogunléndé ni ó ń bá ogunléndé jà. Ẹ̀gbá wá gbe Ìjàyè.

Bí Ìbàdàn ti ká ọ̀nà oko mọ́ wọn, ìyàn mú. Àlùfáà Samuel Johnson, tí a bí ní 1846 tí ó sì wà ní Ìbàdàn ní ọmọdé nígbà náà, kọ nípa ìyà yìí nínú ìwé ìtàn rẹ̀. Àwọn òbí ń fi ọmọ sọfà nítorí oúnjẹ. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ní àṣà wa, ẹrú kọ́ ni ìwọ̀fà. Ọmọ bíbí inú ilé ni, a kò gbọdọ̀ tà á, ọjọ́ tí a bá san owó náà ni yóò sì padà sílé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí tí yóò san owó ni ó mú kí àṣà yìí dúró. Bí ogun bá pa baba, tí ebi pa ìyá, tí agbo ilé sì tú ká, ta ni yóò wá rà á padà? Báyìí ni ìwọ̀fà ṣe ń di ẹrú láìsí ẹni tí ó kéde rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n wá gbèjà Ìjàyè gan-an sì jèrè nínú rẹ̀: wọ́n kó ọmọ lọ sí Abẹ́òkúta, wọn kò sì dá wọn padà. Lójú wa, èyí burú ju ọfà ọ̀tá lọ.

Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wà ní Ìjàyè ní gbogbo àkókò náà. Àlùfáà Adolphus Mann ti ẹgbẹ́ C.M.S. àti aya rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1853. Ọ̀gbẹ́ni R. H. Stone àti Ọ̀gbẹ́ni A. D. Phillips ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Amẹ́ríkà kò sì sá. Wọ́n tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì gba àwọn ọmọ tí ebi ti fẹ́rẹ̀ pa tán sílé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a kó lọ sí Abẹ́òkúta, tí ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ wọn sì ń bá a lọ níbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ, nítorí ọmọ tí ó wà ní ibi kan tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni tí ń wá a mọ ilé tí yóò kàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1861 ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìlú Richmond, níbi tí ẹgbẹ́ tí ó rán Stone àti Phillips gbé wà, di olú-ìlú ìhà kan nínú ogun náà, owó tí ń ti ibẹ̀ wá sì dáwọ́ dúró. Ogun òkè òkun sì dí ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ogun ilé lé.

Kúrunmí kú ní 1861. Ìjàyè ṣubú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862. Mann ti lọ ṣáájú, nítorí àìlera aya rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Edward Roper, tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti dúró ní ipò rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn, wọ́n sì mú un lọ. Ní ọdún 1862 yìí kan náà ni Henri Dunant, ará Switzerland, tẹ ìwé rẹ̀ jáde nípa àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní Solferino ní 1859, ìwé tí ó bí ẹgbẹ́ Alágbèlébùú Pupa. A kò rò pé ó gbọ́ orúkọ Ìjàyè rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn tí ó ṣẹ́gun wà ní ìrọ̀rùn. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó ti dí, Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ní Kúdẹtì, Ìbàdàn, sì ń ta ohun inú ilé wọn láti fi bọ́ àwọn ọmọ tí ń bẹ lọ́dọ̀ wọn. Títí di 1865, nígbà tí Glover ti Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell wá mú Ìyá Hinderer jáde, ni ìnira yìí fi wà.

Orúkọ òyìnbó pọ̀ nínú ìtàn yìí, nítorí àwọn ni ó kọ ìwé. Àwọn ìyálé ilé Abẹ́òkúta tí ó fi igun yàrá fún àjèjì, tí ó bu ẹ̀kọ fún ọmọ ọlọ́mọ, kò kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀ àdúgbò Àgọ́ Ìjàyè ní Abẹ́òkúta jẹ́rìí sí wọn. Ẹ̀gbá fún àwọn tí ó sá wá ní ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn níbẹ̀. Ìlú kan náà ni ó mú ọmọ Ìjàyè lẹ́rú tí ó sì fún ará Ìjàyè nílẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé dé. A kó ilé àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta, a fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn tí ó ti ń gba ogunléndé sílé sì di ogunléndé. Èkó ni wọ́n forí lé. Glover kò fi wọ́n sínú àgọ́ kí ó máa wọn oúnjẹ fún wọn. Ó fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta, a la ọ̀nà sí i, a sì pín in fún wọn láti kọ́lé. Àgọ́ Ẹ̀gbá ni a ń pe ibẹ̀ nígbà náà. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kò rí ààyè gbé ní Abẹ́òkúta mọ́ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ní Èbúté Mẹ́tta ìjọ tí ó tú ti tún ń kọrin.