Òjóró Ojú Géèmù: Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Àwòrán Àfilé

Ní agbègbè Lẹkki títí dé Ajah, eré oníbọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ta pa pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú Call of Duty: Mobile tí ó jáde ní ọdún 2019, ti wọ àwọn ọ̀dọ́ lára. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò fún un, ìyẹn ni pé wọ́n ń "ta géèmù", bá eré náà mu gan-an, nítorí Yorùbá ń ta ayò, ó sì ń ta ọfà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn kan ń kọ láti máa rí alátakò lẹ́yìn ògiri, "háàkì" ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó da oríṣiríṣi iṣẹ́ pọ̀ mọ́ra, tí ó sì fi aṣọ ọgbọ́n bo ìrẹ́jẹ lára.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú ìdìpọ̀ rẹ̀ kìíní ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì ní 1990, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, kò sì dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ níbẹ̀, pàápàá fífi iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ, ṣì wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ náà lónìí.

Overlay, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ kọ́kọ́ wá orúkọ fún, ni àwòrán tí ètò kan yà lé orí èyí tí géèmù ti yà sójú kọ̀ǹpútà, láì pa ti ìsàlẹ̀ rẹ́. Ìbòrí tàbí ìbojú ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu atúmọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá a mu nínú méjèèjì, nítorí ohun tí a bá fi bo nǹkan ń gbé e pamọ́, nígbà tí èyí ń gbé nǹkan jáde. "Àwòrán àfilé" ni ó yẹ ẹ́, láti ara "fi lé", nítorí ó fi hàn pé ọ̀kan wà lórí èkejì, tí èkejì kò sì pòórá. Orúkọ náà kò gbọdọ̀ ní àbùkù nínú, torí pé Steam àti Discord ń fi àwòrán àfilé hàn lójú géèmù ní gbangba, láti fi ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ tàbí iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ han òṣèré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ohun tí àwọn atagéèmù ń pè ní ESP, tí ó túmọ̀ sí mímọ ohun tí ojú àti etí kò lè mọ̀. Sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó so gbogbo òṣèré pọ̀, máa ń fi nọ́ńbà mẹ́ta tí ó ń sọ ibi tí òṣèré kọ̀ọ̀kan dúró sí ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ àwọn yòókù, kí géèmù lè yà á ní kíá bí ó bá yọ. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni ètò òjóró ń kà nínú àpò ìrántí ẹ̀rọ, tí ó sì ń ṣírò ibi tí wọn yóò bọ́ sí lójú kọ̀ǹpútà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìṣírò tí a lè pè ní "ìsọdipẹrẹsẹ". Lẹ́yìn náà ni àpótí pupa tẹ́ẹ́rẹ́ yóò yí ẹni tí ó fara pamọ́ ká, tòun ti orúkọ rẹ̀ lókè àti iye mítà lábẹ́. Kò tọ́ kí a pe èyí ní aríran, nítorí kò sí ìran kankan níbẹ̀, nọ́ńbà tí ó ti wà nínú ẹ̀rọ ni a jí kà; "arínúróde" sì ń bẹ nínú àwọn orúkọ tí Yorùbá fi ń ki Ọlọ́run, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e fún ètò arẹ́nijẹ. "Afọ̀táhàn" ti tó o. Ti aimbot rọrùn: "afojúsùn-fúnni", nítorí òun ni ó ń bá òṣèré na ìbọn sí ọ̀tá.

Hook, ọ̀nà tí ètò lè gbà fi àwòrán àfilé sójú géèmù, náà gba ìrònú. Ìwọ̀ apẹja kò jọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, nítorí àṣẹ tí ó ń lọ sójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń dá dúró, tí wọ́n fi nǹkan kún, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ. "Ìdálọ́nà" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òórùn dánàdánà wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ń ṣe ètò ìgbàwòrán ojú kọ̀ǹpútà ń lo ọ̀nà yìí láìṣe ibi. "Ìpàdélọ́nà" ni ó dọ́gba.

Ìwà náà fúnra rẹ̀ ni kí ó ru ẹ̀bi, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu ọmọdé tí ń ta lúdò: òjóró. Ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Kalifọ́níà pàṣẹ kí EngineOwning, tí ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ fún Call of Duty, san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là fún Activision tí ó ni géèmù náà. Àwọn tí ó ṣe géèmù Valorant ní 2020 fi ọ̀nà mìíràn kún adènà òjóró wọn: sáfà wọn kì í fi ibi tí alátakò wà ránṣẹ́ àfi bí ó bá kù díẹ̀ kí ó yọ, afọ̀táhàn kò sì ní rí ohun púpọ̀ kà.

Kí àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní ètò kọ̀ǹpútà ní Lẹkki àti Ajah máa lo àfilé, ìsọdipẹrẹsẹ àti ìpàdélọ́nà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí wọ́n sì fi òjóró sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi wọ́n rẹ́ni jẹ.