Àjọ̀dún Ìlú Eyam

Bí àwa ti ń dúpẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa, ó tọ́ kí a rántí Eyam, ìlú kékeré kan ní Derbyshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹjọ, tí í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn ará ibẹ̀ a máa fi òdòdó tí a tẹ̀ mọ́ amọ̀ ṣe kànga wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi ìkẹyìn oṣù náà, wọn a jọ́sìn ní gbangba, ní àfonífojì Cucklet Delf.

Ní ọdún 1665 ni àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú náà; a gbọ́ pé inú ẹrù aṣọ láti London ni ó bá dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1666, àlùfáà ìjọ, William Mompesson, àti Thomas Stanley, ẹni tí a ti mú kúrò nípò nítorí kò tẹ̀lé ìlànà Ìjọ, fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Wọ́n rọ àwọn ènìyàn kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde, kí àrùn má baà ran àwọn aládùúgbò. Wọ́n ti ilé ìsìn, wọ́n sì ń jọ́sìn ní àfonífojì. Àwọn ará òde a gbé oúnjẹ sí ààlà. Àwọn ará ìlú a fi owó rẹ̀ sínú ọtí kíkan. Elizabeth Hancock fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọkọ àti ọmọ mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Catherine, aya Mompesson, kú pẹ̀lú. Kí àrùn tó dá, nǹkan bí 260 ènìyàn ti lọ.

Ẹ̀yin ará, òdòdó a máa rọ. Ìfẹ́ wọn kò rọ. Ǹjẹ́ kí àjọ̀dún tiwa náà jẹ́ ìrántí àwọn tí ó ru ẹrù kí ara tó tu àwa.