Orúkọ Ọjà, Orúkọ Ọ̀fọ̀: Bí Àwọn Ígbò Ṣe Ń Sọ Ọmọ

Ọ̀sẹ̀ àwọn Ígbò láyé àtijọ́ kì í ṣe ọjọ́ méje. Ọjọ́ mẹ́rin ni: Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ, ọjọ́ ọjà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ló sábà ń di orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ọjọ́ Eke ni Okeke, ti ọjọ́ Nkwọ ni Okonkwo. Obìnrin á jẹ́ Mgbeke tàbí Mgbafọ.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé dé, tí wọ́n ń béèrè orúkọ bàbá, Okeke, Okafor àti Okonkwo wọ inú ìwé, wọ́n di orúkọ ìdílé. Ti àwọn obìnrin kò ráyè bẹ́ẹ̀. Ó bani nínú jẹ́ pé lónìí, ará oko tí ojú rẹ̀ kò là ni àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní Mgbeke, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ Okeke ni.

Àwọn orúkọ kan tún wà tó jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ló bí wọn. Onwubiko ń bẹ ikú. Ozoemena ń tọrọ kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́. Nínú ìwé ìtàn àròsọ Things Fall Apart, tó jáde lọ́dún 1958, Chinua Achebe fi Ekwefi hàn wá, ìyá tí ọmọ ń kú mọ́ lójú. Ó fi orúkọ bẹ ikú títí, ikú kò gbọ́. Ló bá fi orúkọ ọmọ mìíràn sọ fún un pé kó ṣe bó ṣe wù ú. Ogbanje ni Ígbò ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Yorùbá tó mọ orúkọ àbíkú bíi Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ yóò tètè mọ ohun tó ń ṣe Ekwefi.