Kálórì inú aago yín, àtàwọn obìnrin Igbó-Ọrà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, tẹ́ ẹ á fẹsẹ̀ rìn délé kí aago ọwọ́ yín lè ka kálórì, ẹ sún mọ́ bí. 🧵

Ní 2017, àwọn olùwádìí Stanford dán irú aago bẹ́ẹ̀ 7 wò. Lílù ọkàn, ọ̀pọ̀ wọn kà á dáadáa. Kálórì ńkọ́? Èyí tó sàn jù fi ìdá 27 nínú 100 ṣì í. Èyí tó burú jù, 93! Ẹ wá lọ tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀wà agọ̀yìn kún oúnjẹ alẹ́.

Àmọ́ ìwádìí ilé wa ló dùn mọ́ mi jù. Ní 2008, èsì kan jáde tó fi àwọn obìnrin ìgbèríko lápá Igbó-Ọrà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú Maywood, nítòsí Chicago. Kò sí ti aago níbẹ̀ o: omi àkànṣe ni wọ́n fún wọn mu, ìtọ̀ wọn ni wọ́n fi mọ iye agbára tí ara ná. Ta ni kò ní rò pé ará oko ló máa jó kálórì jù? Nígbà tí wọ́n yọ ti ìwọ̀n ara kúrò nínú ìṣirò, bíi ọgbọọgba ni wọ́n. Ní 2009, èsì míì tún jáde: iye kálórì tí obìnrin kan ń jó kò sọ bóyá á sanra.