Fọ́tò mi lẹ́sẹ̀ ère obìnrin ológun ní Kutọnu

1/
Fọ́tò tí mo gbé síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí mo ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́sẹ̀ ère obìnrin ológun ní Kutọnu, ẹ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ bá mi kálọ.

2/
Igbó-Elérin ni mo ń gbé. Tẹ́ ẹ bá dé gáréèjì Okokomaiko láàárọ̀, "Agbárá! Badagry! Sẹ̀mẹ̀!" ni àwọn kọ̀ndọ́ ń pè. Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ní ìrìn-àjò afẹ́, Dubai àti London ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orílẹ̀-èdè mìíràn wà lópin ọ̀nà tó gba iwájú ilé wa kọjá. Kò tiẹ̀ gba fíísà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè ọjọ́ 90. Bí mo ṣe gbé báàgì mi nìyẹn o.

3/
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ. Mo kọ́kọ́ sọ̀ ní Àgbádárìgì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀: wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí ẹ̀ ní 1845. Mo tún lọ sí ilé Sèríkí Williams Abass, níbi tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ kí wọ́n tó kó wọn sọdá omi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹrú ni Abass fúnra ẹ̀ rí. Wọ́n kó o ní kékeré láti ilẹ̀ Yewa, wọ́n tà á. Nígbà tó dòmìnira, òun náà di oníṣòwò ẹrú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

4/
Ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà mi. Mo gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, Faransé ti gba ojú pátákó kan. Ṣé ẹ mọ ọjọ́ orí ààlà yẹn? Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Paris pé ibi báyìí ni tiwa, ibi báyìí ni tiyín. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀.

5/
Àjàṣẹ́ ni mo sùn. Porto-Novo ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Òun ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kutọnu ni ìjọba fìdí kalẹ̀ sí. Yorùbá ni mo fi ra oúnjẹ lọ́jà! Ẹ má kúrò níbẹ̀ láì wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá wọn. Ojú ṣọ́ọ̀ṣì ló ní. Àwọn Àgùdà, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wálé, ló kọ́ ọ bí ilé ìjọsìn ọ̀hún ṣe rí lójú wọn.

6/
Ọjọ́ kejì, Kutọnu. Mo rìn nínú ọjà Dantokpa títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni mo gun zémidjan, ọ̀kadà wọn nìyẹn, ó di ìdí ère. Gíga ẹ̀ tó mítà 30. Oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i, láti fi yẹ́ àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhòmì sí. Dàhòmì ni orúkọ ìjọba ayé àtijọ́ yẹn, òun náà ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ títí di 1975. Mo fi ọwọ́ bàdí bíi jagunjagun, mo rẹ́rìn-ín, wọ́n yà mí.

7/
Ọjọ́ kẹta, Ouidah. Mo fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà dé etíkun, ó tó kìlómítà mẹ́rin. Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995 ló wà lópin ẹ̀, òkun ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Mo ronú nípa ọkọ̀ òyìnbó, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè pé: ta ló kó àwọn èèyàn náà dé etíkun?

8/
Mo délé, mo fi fọ́tò han ìyá àgbà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá.
"Ta nìyí?"
"Màmá, àwọn obìnrin ológun Dàhòmì ni. Akínkanjú ni wọ́n."
Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá dá fóònù mi padà.
"Àwọn tó wá kó wa nìyẹn."
Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́. Èmi náà ò rí nǹkan sọ.

9/
Mo bá lọ kàwé. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851 ni Gezo, ọba Dàhòmì, kó ogun wá ká Abẹ́òkúta mọ́. Àwọn obìnrin yẹn wà nínú ogun náà. Ìlú náà ò ju bí ogún ọdún lọ nígbà yẹn. Àwọn tí ogun ti lé kúrò nílùú wọn ló sá sábẹ́ Olúmọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn Ẹ̀gbá jà, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ní 1864, Glele ọmọ Gezo tún kó ogun dé, wọ́n tún lé e padà. Kétu ò rí irú oríire bẹ́ẹ̀: Dàhòmì fọ́ ọ ní 1886. Tí odi Abẹ́òkúta bá wó lọ́jọ́ náà, ọ̀nà tí mo fi ẹsẹ̀ rìn ní Ouidah, àwọn èèyàn ìyá àgbà mi ì bá ti rìn ín ṣáájú mi, nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.

10/
Ẹnì kan tó rìn ín ni Kossola, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá. Ó sọ fún Zora Neale Hurston pé ìdájí ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wọ ìlú àwọn, obìnrin ológun sì wà lára wọn. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda gbé òun àti àwọn tó lé ní 100 láti Ouidah lọ sí Alabama, nígbà tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808. Kò rílé mọ́ títí tó fi kú ní 1935.

11/
Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé, "The Woman King ńkọ́?" Èmi náà wò ó, mo pàtẹ́wọ́. Òótọ́ ni pé Dàhòmì jà kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ ní nǹkan bíi 1823. Ṣùgbọ́n Gezo inú ìtàn ò fi òwò ẹrú sílẹ̀ bíi ti inú fíìmù. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí etíkun mọ́ ọn ló tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1852. Lẹ́yìn ìyẹn náà ni ọkọ̀ Kossola gbéra.

12/
Ṣùgbọ́n ẹ dúró, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ èébú. Kí Gezo tó jà, ọ̀pọ̀ ọdún ni Dàhòmì fi san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ náà ta èèyàn, wọ́n gba Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì kó wọn jáde. Àjàṣẹ́ tí mo ti fi Yorùbá ra oúnjẹ tayọ̀tayọ̀ nìyẹn o. Ẹ tún rántí Abass. Kò sí ìran tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dàhòmì náà sì jẹ ìyà: Faransé ṣẹ́gun wọn, wọ́n kó ẹrù ààfin Abomey lọ ní 1892. Ìgbẹ̀yìn 2021 ni 26 nínú ẹ̀ tó padà dé.

13/
Nítorí náà, ẹ lọ. N ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ìlú tó dáa ni, ọ̀nà ò sì jìn láti ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ń gbé akọni ẹ̀ sójú títì, akọni ẹnì kan sì lè jẹ́ ẹni tó dẹ́rù ba ìyá ẹlòmíì. Kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ẹ béèrè pé ta ni wọ́n bá jà. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi àwọn àgbà yín pé ibo ni wọ́n ti wá.

14/
N ò yọ fọ́tò yẹn kúrò. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ ni mo yí padà. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: "Èmi rèé lẹ́sẹ̀ ère àwọn obìnrin ológun Dàhòmì. Wọ́n wá kó wa ní 1851, a lé wọn."
Mo kà á sétí ìyá àgbà. Wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a lé wọn.