Ìró Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Èlò Iṣẹ́ Ọnà: Láti Káírò dé Ọjà Balógun

Páríìsì ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà tí a fi ìró ṣe, ní 1948, nígbà tí Pierre Schaeffer fi ariwo ọkọ̀ ojú irin tó gbà sílẹ̀ hun orin. Ó yẹ kí wọ́n yà sí Káírò ná. Ní 1944, ọmọ Íjíbítì kan, Halim El-Dabh, yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí wáyà, ó gbé e lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe zar, ètùtù ìwòsàn kan, ó sì gba orin wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wá ń yọ lára ìró náà, tó ń mú kí òmíràn dún padà, títí ẹni tó ń gbọ́ kò fi lè mú ọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó yọ àti ohun tó ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Nítorí náà, àwọn tó ní ẹni tó gba ariwo sílẹ̀ kò dá ohunkóhun kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ní 2016, Emeka Ogboh, ọmọ Nàìjíríà, gbé Market Symphony kalẹ̀ ní mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tó wà ní Washington. Ìró ọjà Balógun l'Ékòó ni. Ó ń jáde láti inú àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dè mọ́ tíréè tánganran, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń pàtẹ. Ní Balógun, oníbàárà ni olùpolówó ń wá. Ní Washington, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rà; etí bọ́ lọ́wọ́ iye owó, ó wá ráyè gbọ́ bí ohùn kan ṣe ń gòkè tí òmíràn sì ń jágbe mọ́ ọn.

Àtakò tó wúwo ni pé ìpolówó ti jẹ́ ọnà kí ẹ̀rọ tó dé. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń kiri mọ ibi tí yóò fa ohùn sí, ó mọ ibi tí yóò ti mí, ó sì mọ àwítúnwí lò. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú èdè tí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, tí dùndún tilẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀, ìró àti ìtumọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ya ara wọn. El-Dabh pa ọ̀rọ̀ rẹ́; Ogboh fi í sílẹ̀. Àlejò lè gbọ́ orin lásán níbi tí ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ orin àti ọjà títà pọ̀. Èmi kò ka ìyàtọ̀ yìí sí àbùkù, nítorí iṣẹ́ náà kò parí sọ́wọ́ ẹni tó tò ó. Etí olùgbọ́ ń bá a ṣe é. Ìpolówó jẹ́ ọnà ti olówò, àkójọ náà sì jẹ́ ọnà ti ẹni tó tò ó.

Ṣùgbọ́n ọnà méjì túmọ̀ sí olóhun méjì. Ẹ̀yin olùwádìí tó ń gba ìpolówó, ẹkún ìyàwó àti ìlù sílẹ̀, bí ẹni tó ni ohùn bá ti fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí ẹ bá kọ orúkọ tiyín sí.